Alágẹmọ Orí Okùn Àdìrẹ

Ìtòkú,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ 12, oṣù kẹsàn-án.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ o. Mo rí fọ́tò ọ̀kẹ́rẹ́ tí o fi ránṣẹ́ láti Kánádà, èyí tó jókòó sójú fèrèsé rẹ bí àlejò tó ń retí oúnjẹ. Mo fẹ́ dá ọ lóhùn nígbà náà, àmọ́ kí ni mo ní? Ewúrẹ́ ìyá onílé nìkan. Mo ti ní tèmi báyìí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òjò dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, mo sì sáré kó aṣọ jáde nínú ìkòkò aró. O rántí pé bí ewé ló máa ń kọ́kọ́ rí, kí afẹ́fẹ́ tó sọ ọ́ di aró. Mo ń sá ẹ̀kẹta nígbà tí mo rí ewé kan tó lẹ̀ mọ́ okùn. Mo nawọ́ kí n já a sọnù. Ewé yí ojú wò mí.

Ojú kan ṣoṣo o! Ìkejì ń wo eṣinṣin létí aṣọ.

Igbe tí mo ké, ìyá àgbà tó ń fi ẹ̀kọ ya ọnà àdìrẹ ẹlẹ́kọ ju ìyẹ́ adìẹ ọwọ́ wọn sílẹ̀. Alágẹmọ ni! Ọmọ ìka mẹ́ta lápá kan, méjì lápá kejì, ó fi di okùn mú bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó mì síwájú, ó mì sẹ́yìn, ó tún mì, kó tó gbé e kalẹ̀. Ìyá àgbà ní alágẹmọ ni Olódùmarè rán wá wò bóyá ilẹ̀ Ifẹ̀ ti le, pé títí dòní kò tíì dá a lójú.

Àwọn ọmọ ilé ti pé jọ, wọ́n ń retí kó di àdìrẹ. Ọ̀kan ní ọnà Olókun ni yóò yà sára, èkejì ní ọnà Ìbàdàndùn ni. Èmi náà, àgbà òfìfo, mo fa aṣọ sún mọ́ ọn. Ńṣe ló wú bí àkàrà, ó dúdú kirikiri, ó la ẹnu sí wa. Ìbínú ni! Inú rẹ̀ ló ń hàn lára rẹ̀, kì í ṣe aṣọ wa. Gbogbo àkókò yẹn, aṣọ ló ń pàwọ̀ dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó padà di ewé. Eṣinṣin ọjọ́un tún bà. Wọ́n ní ahọ́n rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ. Èmi ò rí ahọ́n kankan. Mo ṣẹ́jú, eṣinṣin ti pòórá.

Aládùúgbò kan ní kí n gbé e fún òun, pé àwọn lẹ́kulẹ́jà ń rà á. Mo ní kó máa lọ ilé rẹ̀. Mo na ẹ̀ka dóńgóyárò sí i, ó rò ó títí ọwọ́ fi ń ro mí, kó tó gùn ún. Mo gbé e lọ sídìí àpáta ẹ̀yìnkùlé (níbí, gbogbo ilé ló ní àpáta tirẹ̀, bí ẹni pé Olúmọ bímọ káàkiri). Mo yíjú báyìí, n kò mọ èwo ni ewé mọ́.

Aṣọ kẹta yẹn ni mo tọ́jú fún ọ. Má bínú, alágẹmọ ṣu sí etí rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n mo ti fọ̀ ọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àṣàkẹ́