Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ lórí ìrìn Íńdíà tó fẹ́ rìn

Òkè-Àdó, Ìbàdàn
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹsàn-án

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà, èmi àti ìyá rẹ sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú bírò. Inú mi dùn pé o sọ fún wa kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ó sì tún dùn sí i pé nínú gbogbo ilẹ̀ tí owó tí o ti ń tọ́jú láti ọdún mẹ́ta lè gbé ọ dé, Íńdíà ni ọkàn rẹ fà sí. O mọ̀ pé Hyderabad ni mo gbé láti 1981 títí di 1984, nígbà tí mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì. N kò ní dá ọ dúró. Àwọn àgbà ní bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, èmi náà sì ti rí tèmi. Ọ̀nà tí o là sílẹ̀ nínú ìwé yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ, nítorí pé òun ló ń bà mí lẹ́rù ju ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ìlú mọ́kànlá ni mo kà, fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n péré: Delhi, Agra, Jaipur, Leh, Varanasi, Kolkata, Darjeeling, Chennai, Kochi, Goa àti Mumbai. Mo tẹ́ máàpù àtijọ́ mi sórí tábìlì, mo fi òwú wọn ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òwú náà sì tán kí n tó dé Goa. Íńdíà fẹ̀ ju Nàìjíríà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀. Láti Delhi sí Kolkata nìkan lé ní kìlómítà 1,400. Láti Delhi sí Hyderabad tó nǹkan bí 1,700, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin sì máa ń lò ju wákàtí 24 lọ kó tó dé ibẹ̀. Ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Vivek Express, tó ń gbéra ní Dibrugarh ní ìpínlẹ̀ Assam, tó sì ń lọ títí dé Kanyakumari tí ilẹ̀ náà ti parí sínú òkun. Ó ju kìlómítà 4,000 lọ, ẹni tó bá sì wọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò sùn mọ́jú nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí o bá fi ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n sáré ka ìlú mọ́kànlá yẹn, ibùdókọ̀ nìkan ni wàá mọ̀ níbẹ̀.

Leh ni kí o kọ́kọ́ yọ kúrò. Ìlú náà ga tó nǹkan bí mítà 3,500 ju òkun lọ, nígbà tí Delhi kò ju mítà 200 lé díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fò láti ìsàlẹ̀ lọ sí irú òkè bẹ́ẹ̀, tí kò sì jókòó sinmi fún ọjọ́ méjì mẹ́ta kí ara rẹ̀ tó mọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀, orí fífọ́ àti èébì lè dá a dùbúlẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀, bó ti wù kí ara rẹ̀ le tó. Ojú títì láti ìlú Manali lọ sí Leh tí o sọ pé wàá gbà, yìnyín máa ń dí i pa ní àsìkò òtútù, ìdajì oṣù Kọkànlá tí o fẹ́ lọ sì ti bọ́ sínú àsìkò yẹn. Fi Leh sílẹ̀ di oṣù Keje tàbí Kẹjọ ọdún mìíràn.

O tún kọ ọ́ pé òjò á ti dá nígbà yẹn. Ní Delhi, òótọ́ ni. Òjò ńlá tí afẹ́fẹ́ gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ń gbé bọ̀ máa ń dé Kerala ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, á máa gòkè lọ, á sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní àríwá nínú oṣù Kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n òjò ti Chennai yàtọ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá yí padà, tó ń ti àríwá-ìlà-oòrùn bọ̀ gba orí omi Bengal kọjá, ìgbà náà ni òjò tiwọn tó bẹ̀rẹ̀, láti oṣù Kẹwàá títí wọ oṣù Kejìlá, oṣù Kọkànlá gan-an ló sì máa ń le jù. Ní òpin ọdún 2015, omi yìí kan náà bo Chennai, ó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní òdìkejì, láti ìparí oṣù Kejìlá ni kùrukùru máa ń bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ àríwá, tí ọkọ̀ ojú irin á fi máa pẹ́ ní ọ̀pọ̀ wákàtí nítorí pé awakọ̀ kò rí iwájú. Nítorí náà, àríwá ni kí o kọ́kọ́ rìn, kí o sì máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù bí òjò ibẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Má pẹ́ ní Delhi, nítorí pé nínú oṣù Kọkànlá èéfín máa ń rọ̀ sórí ìlú náà, ti ọkọ̀ àti ti pòròpórò ìrẹsì tí àwọn àgbẹ̀ ń sun lóko, èmi kò sì gbàgbé ásímà tó máa ń há ọ láyà ní kékeré. Mú oògùn fífà símú rẹ dání, kódà bí o kò bá ti lò ó láti ọdún mẹ́wàá.

Bó bá jẹ́ èmi ni, Delhi, Agra, Varanasi, Hyderabad, Hampi àti Kochi ni mo máa rìn, mo sì máa fi ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún jókòó sí mẹ́ta nínú wọn. Mo mọ̀ pé yóò dùn ọ́ láti fi Darjeeling sílẹ̀. Fi í sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi fọwọ́ sí i pé kí o gba orí ilẹ̀ dípò òfuurufú rèé. Ní gbogbo ibùdókọ̀ ojú irin Íńdíà, pátákó yẹ́lò ńlá kan wà ní ìkángun pèpéle, tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ orúkọ ìlú sí ní èdè àdúgbò, ní Hindi àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Lábẹ́ orúkọ náà, wọ́n kọ nọ́ńbà kékeré kan, èyí tó jẹ́ iye mítà tí ibẹ̀ fi ga ju òkun lọ. Nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo máa ń na ọrùn mi jáde lójú fèrèsé láti kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìwé. Bí a bá ń bọ̀ láti Delhi, ó máa ń lọ sókè, á tún sọ̀ kalẹ̀, títí a ó fi gun orí òkè pẹrẹsẹ Deccan, tí Hyderabad alára á sì ju mítà 500 lọ. Lẹ́tà ara pátákó náà ń yí padà bákan náà: ti Hindi tí a ta okùn sí lórí bí aṣọ tí a sá, lẹ́yìn náà ti Telugu, èdè agbègbè Hyderabad, tó rí rogodo bí ẹni pé ìka ló yí i. Bí o bá gba owó rupee, yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò: èdè 15 ni wọ́n fi kọ iye owó náà síbẹ̀, láìka Hindi àti Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, má rò pé Hindi tí o ń kọ́ lórí fóònù yóò tó ọ dé Kochi. Kọ́ ìkíni ibi kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹni tó bá kí wọn ní èdè wọn, ọmọ ilé ló máa ń dà.

Nípa tíkẹ́ẹ̀tì, láti oṣù Kọkànlá 2024 ni wọ́n ti ń ṣí i sílẹ̀ ní ọjọ́ 60 ṣáájú ìrìn, àwọn ọ̀nà tí èrò pọ̀ sí sì máa ń kún kíákíá. Bí o bá rí WL lára tìrẹ, orí ìlà ìdúródè lo ṣì wà, má wọ ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ RAC, wàá rí ìjókòó, ṣùgbọ́n o lè bá ẹlòmíràn pín ibùsùn. Ní New Delhi, ọ́fíìsì kan wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ibùdókọ̀ tó wà fún àjèjì. Kí o tó dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn rẹ̀, ọkùnrin kan tó múra dáadáa lè pàdé rẹ, kó sọ fún ọ pé ọ́fíìsì náà ti jóná tàbí pé wọ́n ti kó kúrò, kó sì fẹ́ mú ọ lọ sí ibòmíràn. Dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o sì máa gun àtẹ̀gùn rẹ lọ.

Ibùsùn mẹ́ta ló máa ń wà lórí ara wọn nínú ọkọ̀ alẹ́. Ti òkè ni kí o máa gbà, nítorí pé gbogbo èrò ló ń jókòó sórí ti ìsàlẹ̀ lójú ọ̀sán, ti àárín kò sì ṣeé tú sílẹ̀ títí aago mẹ́wàá alẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lókè lè sùn nígbà tó bá wù ú, ojú kò sì ní máa kọjá lára rẹ̀. Ra ṣéènì kékeré lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, kí o fi de báàgì rẹ mọ́ irin tó wà lábẹ́ ìjókòó. Báàgì kan ṣoṣo sì ni, èyí tí o lè gbé gun afárá ibùdókọ̀ láìdúró mí.

Ìwé ìrìnnà rẹ kò gbọdọ̀ sí nínú báàgì yẹn. Ní oṣù Kejìlá 1982, mò ń bọ̀ láti Delhi, ọkọ̀ wa sì dúró ní Nagpur, ìlú tó lókìkí nítorí ọsàn. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ra mẹ́fà. Mo ṣì ń ka owó lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i pé ògiri ọkọ̀ ti ń rìn kọjá lẹ́yìn ọlọ́sàn náà, láìfun fèrè, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ìgbà tí omi bá ń ṣàn. Ìwé ìrìnnà mi, owó ilé-ìwé mi àti ẹ̀wù òtútù mi wà lórí ibùsùn. Mo sáré, ọsàn sì ń já bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan tí èmi àti ìyàwó rẹ̀ jọ wà nínú yàrá ọkọ̀ náà ló na ọwọ́ síta tó fà mí wọlé. Ìyá yẹn ti gbé báàgì mi lé itan, ó sì fi èdè Telugu bá mi wí títí tí mo fi fẹ́ sunkún, kó tó ṣí abọ́ ìrẹsì fún mi. Ọsàn méjì ló kù. Láti ọjọ́ yẹn ni ìwé ìrìnnà mi ti ń wà lábẹ́ ẹ̀wù mi, mọ́ ara. Ìyá rẹ ti ń rán àpò kékeré kan fún ọ báyìí.

Káàdì ìbà pọ́njú, yẹ́lò káàdì wa, kí o mú un pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà dé láìní in, wọ́n lè dá a dúró sí ibi àyàsọ́tọ̀, abẹ́rẹ́ náà sì gbọdọ̀ ti tó ọjọ́ mẹ́wàá lára rẹ kí o tó dé ọ̀hún. Mọ̀ pẹ̀lú pé òfin ní kí gbogbo ilé ìtura fi orúkọ àjèjì ránṣẹ́ sí ìjọba láàárín wákàtí 24, nítorí náà àwọn ilé kékeré kan kì í gba àjèjì rárá. Gba ibi tí wàá sùn sílẹ̀ kí o tó dé ìlú, kí o sì rí i pé ojúmọmọ lo máa ń dé.

Ohun tó kù yìí wúwo lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n bàbá tó bá fi í pamọ́ fún ọmọ rẹ̀ kò ṣe dáadáa. Wọn yóò wò ọ́. Wọn yóò wò ọ́ títí, ọmọdé àti àgbà, àwọn mìíràn yóò sì fi fóònù yà ọ́ láìtọrọ àyè. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe ìkórìíra. Àmọ́ èyí tó jẹ́ ìkórìíra wà: ní oṣù Kẹta 2017, àwọn èrò kọlu àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Greater Noida, lẹ́bàá Delhi, lórí ẹ̀sùn tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Onílé kan kọ̀ láti fún mi ní yàrá lójú mi kòrókòró, ó ní àwa aláwọ̀ dúdú ń dọ̀tí ilé, mo sì rìn kúrò níwájú rẹ̀ láìfèsì, nítorí pé ilẹ̀ ti ń ṣú, èmi nìkan ni mo sì wà níbẹ̀. Bí ohùn bá ti ń ga sókè, kúrò níbẹ̀. Nọ́ńbà 112 ni ti pàjáwìrì, 139 ni ti ọkọ̀ ojú irin. Ní Delhi, kọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ nínú Metro, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, jẹ́ ti obìnrin nìkan, lò ó.

Nígbà tí o bá dé Hyderabad, béèrè àdúgbò A.C. Guards. Orúkọ àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹlẹ́ṣin Áfíríkà tó ń ṣọ́ Nizam, ọba ibẹ̀ nígbà náà, ni wọ́n fi pè é, àwọn ọmọ-ọmọ wọn sì ń gbé ibẹ̀. Mo máa ń lọ jókòó lọ́dọ̀ wọn nígbàkigbà tí ààrò ilé bá ń sọ mí.

Ní ti oúnjẹ, omi tí ọ̀rá ẹnu rẹ̀ kò tíì já nìkan ni kí o mu, kí o sì jẹ ohun tó ń hó lójú rẹ. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun bí àwa náà, wọn kì í sì í fi òsì fún àgbà ní nǹkan. Àwọn ọmọ wọn ń tẹrí ba fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òbí. Bí o bá kúnlẹ̀ kí ìyá arúgbó kan níbẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ohun tí ò ń ṣe. Ní gúúsù, wọn yóò gbé vada fún ọ láàárọ̀, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì dín, tó dá ihò sí láàárín. Fi ojú dì, kí o gé e jẹ, wàá rò pé ìyá alákàrà Òkè-Àdó ló dín in.

Tún ìlà ìrìn rẹ kọ, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí oṣù yìí tó parí. Ìwé tí mo ń kọ nọ́ńbà sí láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ṣì wà nínú àpótí mi, ṣùgbọ́n ojú ewé méjì ti já nínú rẹ̀, èyí tó wà láàárín Nagpur àti Hyderabad. Bí o bá ń kọjá ibẹ̀ lójúmọmọ, jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé, kí o bá mi kọ wọ́n.

Èmi ni bàbá rẹ.