Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ nípa oṣó tó jáde nínú omi

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú ilé o. Ṣé àlàáfíà ni ọkọ àti àwọn ọmọ wà ní Ìbàdàn? Àwa náà wà ní London, òtútù nìkan ló ń bá wa fínra.

Ọmọ mi ló ra Catweazle, eré tẹlifíṣọ̀n òyìnbó nípa oṣó tí a máa ń wò ní kékeré, fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo rẹ̀ pátá, apá 26, nínú páálí kan. Bí mo ṣe rí bàbá yẹn lára páálí, pẹ̀lú irùngbọ̀n wúruwùru àti ojú bí ojú ẹyẹ tó ṣèèṣì wọlé, mo jókòó síbẹ̀, mo ń pe orúkọ rẹ. Ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún tí yóò yé.

O rántí ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ní Kent, nílẹ̀ England, 1970, nígbà tí àwọn òbí wa fi wá sọ́dọ̀ màmá òyìnbó yẹn kí wọ́n lè ráyè kàwé, bí ọ̀pọ̀ Yorùbá ṣe ń ṣe nígbà náà. Àwa méjèèjì nìkan ni adúláwọ̀ lábúlé. Tẹlifíṣọ̀n á kọ́kọ́ gbóná, àwòrán dúdú-funfun á wá máa yọ díẹ̀díẹ̀. Catweazle rèé, oṣó ayé àtijọ́, ará ọ̀rúndún kọkànlá, tí àwọn ọmọ ogun Norman tó wá gba England ń lé bọ̀. Ó pe ọfọ̀, ó bẹ́ sómi, ó sì yọrí jáde ní nǹkan bí 900 ọdún síwájú, ní oko kan tí wọ́n ń pè ní Hexwood. Ọ̀pọ̀lọ́ rẹ̀, Touchwood, nìkan ló bá a wá. Carrot, ọmọ olóko náà, ló fi í pamọ́. Màmá òyìnbó wa a máa rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ̀rù bá ń ba bàbá náà. Èmi kì í rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kó padà sílé lọ.

Ṣé o rántí adágún omi tó wà lẹ́yìn ilé? Ọjọ́ tí a bọ́ bàtà, tí a dira mú, tí a ń ké “Salmay, Dalmay, Adonay” bíi tirẹ̀, kí omi lè gbé wa yọ lọ́dọ̀ àwọn ìyá wa. O ti wọ̀ ọ́ dé orúnkún. Omi náà tutù bíi yìnyín, ẹrẹ̀ ń yọ láàárín ìka ẹsẹ̀ wa. O pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, o ní ọfọ̀ Catweazle pàápàá kì í sábà jẹ́, ká tún un ṣe lọ́la.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ gan-an ni bó ṣe ń sọ nǹkan lórúkọ. Ó rí gílóòbù, ó ní oòrùn ni wọ́n dè mọ́nú ìgò. Ó gbọ́ ohùn nínú tẹlifóònù, ó pè é ní egungun tó ń sọ̀rọ̀. Iná òyìnbó, ó pè é ní electrickery, ó fi trickery, ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn, há inú electricity. Ohun tó mọ̀ ló fi ń sọ ohun tí kò mọ̀ lórúkọ. Nígbà tí wọ́n kó mi dé Ìbàdàn ní 1974, mi ò gbọ́ Yorùbá mọ́ rárá. Ìyá àgbà nawọ́ sí rédíò, wọ́n ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ̀gbọ́n mi túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ó ń sọ̀rọ̀, kì í dúró gba èsì. Wọ́n nawọ́ sókè àjà, wọ́n ní iná mànàmáná. Àbẹ̀kẹ́, ara mi bù máṣọ. Mo ní, Catweazle rèé nílé wa! Ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ gbọ́ èdè yìí, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé Ìyá àgbà kiri, tí mo ń bi wọ́n ní orúkọ gbogbo nǹkan.

Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún 6, bá mi wo apá tí tẹlifóònù wà. Ó ní, “Màmá àgbà, kí ni bàbá yẹn gbé sétí?” Mo ní fóònù ni. Ó wo fóònù ọwọ́ mi, ó tún wo tinú tẹlifíṣọ̀n, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní egungun ni.

Òṣèré Geoffrey Bayldon ló ṣe Catweazle. Arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni mo pè é nígbà náà, àṣé ẹni ọdún 46 ni! Ó kú ní 2017, ó ti pé 93. Ọrùn rẹ̀, ìka ọwọ́ rẹ̀, bó ṣe ń mí, gbogbo rẹ̀ ló fi ń ṣeré. Richard Carpenter tó kọ ọ́, òṣèré lòun náà tẹ́lẹ̀. Ìpele kejì eré náà, ti 1971, ò wọ̀ mí lára tó ti àkọ́kọ́. Cedric, ọmọ olóyè, ló gba ipò Carrot, Catweazle sì ń gbé ní ibùdókọ̀ ojú irin kan tí wọ́n ti pa tì. Ó dùn, ṣùgbọ́n mo ṣì ń wá Carrot.

Mo ti ra páálí kan sí i. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń bọ̀ nílé ní oṣù Kejìlá, wọ́n á gbé e wá fún ọ. Jọ̀ọ́, má wo apá kìíní láìpè mí. Mo fẹ́ wà lórí fóònù pẹ̀lú rẹ nígbà tó bá yọrí jáde nínú omi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjọkẹ́