Ẹ Wọn Bùlọ́ọ̀kù Kí Ẹ Tó Dúnàá Dúrà

Sí Olóòtú,

Ẹ bá wa sọ fún àwọn onímọ́tò tí ẹ́ńjìnnì wọn ń jẹ ọ́ìlì, tó sì ń rú èéfín. Bí wọ́n bá gbé bùlọ́ọ̀kù (irin ẹ́ńjìnnì tó ní sílíńdà, ihò tí písítìn ń lọ bọ̀ nínú ẹ̀) dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe boring, ìyẹn gbígbẹ́ inú sílíńdà kó lè fẹ̀ sí i, "Èló ni gbogbo ẹ̀?" ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè. Kò sẹ́ni tó lè dáhùn ìyẹn láì tíì wọn inú sílíńdà.

Ibi mẹ́ta là ń wọ̀n, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì níbì kọ̀ọ̀kan, lóòró àti níbùú. Òkè ló máa ń jẹ jù, torí ibẹ̀ ni iná ti ń ṣẹ́, ọ́ìlì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Ẹni tó bá kàn fi ìka yí inú ẹ̀, tó ní ó ti jẹ, ẹ gbé bùlọ́ọ̀kù yín kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀.

Ẹ ra písítìn kí wọ́n tó gbẹ́ ohunkóhun. Sílíńdà Camry 2.2 ti 1997 sí 2001, ẹ́ńjìnnì 5S-FE, jẹ́ 87.1 mm, písítìn 0.50, tó fi 0.50 mm tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gbé e dé 87.6. Síbẹ̀, nọ́ńbà ara páálí kọ́ là ń gbẹ́ tẹ̀lé. Ara písítìn gan-an là ń wọ̀n, ká wá fi àlàfo àárín písítìn àti sílíńdà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ kún un. Bí àlàfo bá kéré, písítìn á wú nínú ooru, á sì há. Bó bá fẹ̀ jù, á máa kan gbà-gbà-gbà láàárọ̀.

Sílíńdà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ka owó boring sí. Owó sleeve, irin róbótó tí wọ́n ń tẹ̀ sínú sílíńdà tó ti bàjẹ́, yàtọ̀: ẹ ó ra irin náà, ẹ ó san owó títẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ ó tún san owó gbígbẹ́ ẹ. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló ha, tí mẹ́ta tó kù ṣì wà ní ìwọ̀n, sleeve kan sábà máa ń dínwó ju boring mẹ́rin àti písítìn mẹ́rin lọ. Àwọn kan kì í sọ èyí fún oníbàárà. Ti Corolla tó ń lo 1ZZ-FE tún yàtọ̀: alumíníọ̀mù ni bùlọ́ọ̀kù, irin inú ẹ̀ sì tín-ín-rín, Toyota kò ṣètò boring fún un. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ lè dínwó ju àtúnṣe ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn boring ni hone, tó ń fa ìlà tó dábùú ara wọn kí ọ́ìlì lè dúró níbẹ̀. Bí inú ẹ̀ bá ń dán bíi dígí, rìǹgì ara písítìn ò ní jókòó, èéfín á padà wá. Fífọ̀ ẹ́ ló wá ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Bẹntiróòlù kì í kó ìyẹ̀fun òkúta hone jáde. Omi gbígbóná, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ló ń kó o, títí dé ihò tí ọ́ìlì ń gbà. Ẹ fi aṣọ funfun tó ní ọ́ìlì díẹ̀ nu sílíńdà. Bí aṣọ náà bá ṣì dúdú, ẹ tún sílíńdà fọ̀, torí ìyẹ̀fun yẹn ló ń jẹ bẹ́ríǹ tuntun láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Kí wọ́n yẹ ojú bùlọ́ọ̀kù wò pẹ̀lú. Àwọn mẹkáníìkì kan á kó top cylinder, tó ń bo bùlọ́ọ̀kù lórí, lọ fún skimming, ìyẹn fífá ojú ẹ̀ kó lè tẹ́jú, wọn ò ní fi irin gígùn yẹ bùlọ́ọ̀kù wò. Bí feeler gauge (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) 0.05 mm bá wọ abẹ́ irin náà, gáskẹ́ẹ̀tì tuntun lè tún jó.

Kẹ́ ẹ tó sanwó tán, kí wọ́n kọ ìwọ̀n sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti písítìn àti àlàfo wọn sórí rìsíìtì.

Àwa mẹkáníìkì kan,
Ìbàdàn