Sí Àbẹ̀kẹ́, lórí ọ̀rọ̀ ìka ọwọ́ rẹ

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹta

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú ìrọ́jú o. Ara rẹ á yá, láṣẹ Olódùmarè.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́. O ní irun rẹ ti re tán, àmọ́ kò dùn ọ́ tó ti ìka ọwọ́ rẹ tí pajápajá ń mú, tí o ò lè fa òwú sí abẹ́rẹ́ mọ́. O wá ní o ò tíì sọ fún dókítà, kí wọ́n má baà dín oògùn kù. Jọ̀ọ́, Àbẹ̀kẹ́, sọ fún wọn.

Aránṣọ ni ọ́, ọ̀rọ̀ yìí á yé ọ. Ara èèpo igi yew kan ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí paclitaxel, oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fà sí ọ lára. Ọdún 1962 ni wọ́n bó èèpo náà lọ yẹ̀ wò. Ó di 1979 kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Susan Horwitz, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tó fi bó ṣe ń jà hàn. Sẹ́ẹ̀lì tó bá fẹ́ pín sí méjì máa ń ta okùn tín-ín-rín sínú ara rẹ̀, òun ló fi ń fa ogún àbùdá rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì fún ọmọ méjèèjì. Okùn yẹn gbọ́dọ̀ máa gùn, kó máa kúrú, kó sì tú. Paclitaxel á dì í mú pinpin, kò ní jẹ́ kó tú. Bí òwú ṣe ń há sínú máṣíìnì rẹ láàárín iṣẹ́ ló rí: kò ṣeé rán lọ, kò ṣeé fà yọ. Ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì á há sí títí á fi kú. (Vincristine tí wọ́n ń fún àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kì í tilẹ̀ jẹ́ kí okùn náà ta rárá. Ara òdòdó Madagascar kan ni wọ́n ti rí òun; ó wà lágbàlá wa níbí.)

Oògùn yìí ò mọ jẹjẹrẹ yàtọ̀. Ohun tó bá ń yára pín ló ń bá jà, irun wà níbẹ̀, ibi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun nínú eegun náà wà níbẹ̀. Irun sábà máa ń hù padà. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ bá gbóná tó ìwọ̀n 38, ì báà jẹ́ òru, pè wọ́n.

Ti ọwọ́ yàtọ̀. Iṣan ìmọ̀lára kì í pín, àmọ́ irú okùn yẹn kan náà ni ọ̀nà tí ohun èlò ń gbà láti ẹ̀bá ọ̀pá ẹ̀yìn dé ṣóńṣó ìka. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, ibi tó jìnnà jù ni ìyà kọ́kọ́ ń jẹ. Tí wọ́n bá tètè gbọ́, wọ́n lè dín oògùn náà kù, wọ́n lè sún un síwájú, wọ́n sì lè lo òmíràn. Tó bá pẹ́ jù, pajápajá náà lè má lọ tán.

Ìyá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa nígbà kan, ata ló ń tà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ tí owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò mọ̀ ni mo tó mọ̀. Ó yẹ kí n ti bi í pé, "Mà, ṣé ẹ ṣì lè de bọ́tìnnì?" N kò bi í. Ó ṣì ń dùn mí.

Ọjọ́rú lo máa padà lọ, àbí? Kí nọ́ọ̀sì tó fa oògùn sí ọ lára, sọ ọ́ fún un bí o ṣe sọ ọ́ fún mi gan-an, pé o ò lè fa òwú sí abẹ́rẹ́ mọ́. Kí o wá pè mí lálẹ́. Màá wà nídìí fóònù.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́ rẹ