Lébẹ́ẹ̀lì àdírẹ́sì tí o béèrè

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? O ní o fẹ́ fi àwọn kọ́ńtáàtì inú ímeèlì rẹ ṣe lébẹ́ẹ̀lì tí wàá lẹ̀ mọ́ àpòòwé. Kò le, àmọ́ ara orúkọ tí o tò jọ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ara ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Torí náà, kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò. Ẹni tí kò bá ní ju ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù lọ, orúkọ lásán ni yóò jáde lórí lébẹ́ẹ̀lì tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n rọ́ ojúlé, ìlú àti postcode pọ̀ sójú kan náà, tú wọn ká. Lẹ́yìn náà, nínú Google Contacts, tẹ Export, kí o mú Outlook CSV, ìyẹn fáìlì tó to orúkọ àti àdírẹ́sì sí kọ́lọ́ọ̀mù. Òun ni mo fara mọ́, torí Word tètè máa ń dá orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù rẹ̀ mọ̀.

Jọ̀ọ́, má kàn tẹ fáìlì yẹn lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí. Excel á ka postcode sí nọ́ńbà lásán, á sì gé òdo iwájú rẹ̀ dànù: 02134 á di 2134. Ẹ, ọ àti ṣ inú orúkọ àwọn èèyàn wa náà lè di wúruwùru. Inú Data nínú Excel ni kí o gbà, mú From Text/CSV, yan UTF-8 (òun ni kì í ba àmì inú orúkọ jẹ́), tẹ Transform Data, sọ kọ́lọ́ọ̀mù postcode di Text, kí o wá tọ́jú rẹ̀ bíi fáìlì Excel.

Ó kù sọ́wọ́ Word. Lọ sí Mailings, Start Mail Merge, Labels, kí o yan nọ́ńbà tó wà lára páálí lébẹ́ẹ̀lì rẹ. Ṣọ́ra níbí: Avery L7160 jẹ́ ti bébà A4, 21 ló wà lójú kan, 5160 jẹ́ ti bébà Letter, 30 ni tirẹ̀. Fi Select Recipients mú fáìlì rẹ, to orúkọ àti àdírẹ́sì sínú àpótí àkọ́kọ́, kí o wá tẹ Update Labels. Bí o bá gbàgbé ìyẹn, ẹnìkan ṣoṣo ni yóò wà lójú bébà kọ̀ọ̀kan. «Next Record» tí wàá rí nínú àwọn àpótí yòókù, má pa á rẹ́ o. Òun ló ń pe ẹni tó kàn. Láìsí i, ẹnì kan náà ni yóò kún gbogbo bébà.

Fi Finish & Merge parí rẹ̀, kí o kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lásán. Gbé e lé bébà lébẹ́ẹ̀lì, kí o nà án sí ìmọ́lẹ̀. Bó bá ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀, ẹ̀rọ ń fún un pọ̀ nìyẹn: yan Actual size, má yan Fit. Bó bá jẹ́ ìwọ̀n kan náà ló fi yẹ̀ látòkè délẹ̀, máàjìnnì, ìyẹn àyè etí bébà, ni kí o tún ṣe.

Bébà tí o ti bó lébẹ́ẹ̀lì lára rẹ̀, má dá a padà sínú ẹ̀rọ lésà. Ooru inú rẹ̀ lè yọ́ gọ́ọ̀mù, kí lébẹ́ẹ̀lì sì lẹ̀ mọ́ ọn nínú. Ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù, fi bírò kọ ọ́.

Kí ará ilé fún mi.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ