Ọdẹ gan-an ló yẹ kó di panápaná àdúgbò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọyẹ́ ò tíì mú tán, màjàlà ti ń já bọ́ sórí aṣọ tí a sá lọ́nà Ìbòkun níbí. Gbogbo wa la mọ ibi tó ti ń wá: ẹni tó ń finá lé ọ̀yà, àgbẹ̀ tó ń sun oko, ẹni tó tanná sí pàǹtí lẹ́yìnkùlé tó sì wọlé lọ jẹun.

Bí iná bá wá ràn mọ́lé, a ó máa bú àwọn panápaná pé wọn ò tètè dé. Mi ò bá wọn dá sí i. Ọkọ̀ tó ru omi, ibo ló fẹ́ gbà dé ìdí oko tí ọ̀kadà gan-an ń rọra kọjá? Àwọn tó wà nítòsí nìkan lapá wọn lè ká a.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ìjọba Ọ̀ṣun bá àwọn baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ onílé sọ̀rọ̀, kí iléeṣẹ́ panápaná kọ́ àwọn tó bá yọ̀ǹda ara wọn ní iṣẹ́ iná pípa. Ní Jámánì, bíi mílíọ̀nù kan èèyàn ló ń ṣe é láìgbowó oṣù. Ní Chile, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é láti 1851 tí wọ́n ti dá ti ìlú Valparaíso sílẹ̀.

Ọdẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Àwọn kan á ní ṣé ẹni tó ń tanná la ó ní kó wá pa á. Bẹ́ẹ̀ ni! Ta ló mọ ibi tí atẹ́gùn ń yí sí nínú igbó jù wọ́n lọ? Iṣẹ́ náà ò sì nílò ẹ̀rọ ńlá. Pọ́ǹpù tí àgbẹ̀ ń gbé kọ́yìn láti fín oògùn koríko, tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ mọ́ tí wọ́n rọ omi sí i, ó ń pa iná orí koríko. Ẹ̀ka tútù náà ń pa á, bí ẹni tó mú un dání bá dúró sórí ilẹ̀ tó ti jó tán, tí kò sì dúró síbi tí atẹ́gùn ń gbé iná lọ. Kí wọ́n sì padà wá yẹ kùkùté wò lọ́jọ́ kejì, torí iná a máa sùn síbẹ̀.

Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú ló yẹ ká ti ha koríko etí oko àti ẹ̀yìn ilé dé erùpẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ń kọ́? UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ọ́ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Nǹkan bíi hẹ́kítà 75 ni. Èèwọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe àti igi gígé níbẹ̀, ṣùgbọ́n iná tó bá ti oko wá ò mọ èèwọ̀.

Bàtà, ibọ̀wọ́ àti owó ìtọ́jú ẹni tó bá fara pa, ìjọba ni kó san án. A ò lè ní kí ọmọ ọlọ́mọ fi sílípáàsì wọ inú iná.

Èmi ni,
Ìyá oníṣòwò kan,
Ọ̀nà Ìbòkun, Òṣogbo.