Lẹ́tà sí Dépò nípa kànga olókùúta ẹ̀yìn ilé wa

Dépò, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ìwọ àti ará ilé. Nínú lẹ́tà rẹ tó kọjá, o béèrè bóyá mo ti mọ ọjọ́ orí kànga olókùúta tí a bá lẹ́yìn ilé tí a rà nítòsí Worcester, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, àti bóyá mo ti wọ inú rẹ̀.

Òkúta tí wọ́n tò yí inú rẹ̀ ká láìlo sìmẹ́ńtì kò lè dá sọ ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí ọ̀nà kan náà ni àwọn àgbẹ̀ ìhà ibí ń gbà to kànga láti ìran dé ìran, òkúta tí wọ́n ń ṣà kúrò lóko ni wọ́n sì ń lò. Òkúta pẹlẹbẹ tó bo ìdajì ẹnu rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Ipa ihò róbótó tí wọ́n lu láti fi la òkúta náà tò lẹ́sẹẹsẹ sí etí rẹ̀, inú mi sì dùn gan-an nígbà tí mo fi ìka kàn wọ́n, nítorí irú ihò bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ níbí kí ó tó di nǹkan bí ọdún 1830; ihò pẹlẹbẹ tóóró ni àwọn tó ń la òkúta ṣáájú ìgbà náà máa ń lu. Ṣùgbọ́n wọ́n lè gbé òkúta tuntun lé kànga àtijọ́. Nítorí náà ni mo ṣe lọ wo ìwé ilẹ̀ ní Worcester, níbi tí ìwé wọn ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1731. Mo ti tọpa àwọn tó ni ilẹ̀ yìí dé ẹni karùn-ún ṣáájú wa, ìwé tirẹ̀ sì ti dárúkọ kànga náà. Mo ṣì ń wá a lọ sẹ́yìn.

Ní ti wíwọ inú rẹ̀, mi ò wọ̀ ọ́, mi ò sì ní wọ̀ ọ́. Ìwọ náà rántí ọkùnrin tó wọ kànga àdúgbò wa lọ yọ dòrò tó já, àti ẹnì kejì tó tẹ̀ lé e láti gbà á là. Afẹ́fẹ́ burúkú inú kànga lè má ní àwọ̀, ó sì lè má ní òórùn. Àbẹ́là tó ń jó kò tó ẹ̀rí pé ibẹ̀ dára. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn òkúta yìí ló ń gbé ara wọn dúró, bí ẹsẹ̀ bá sì yẹ ọ̀kan, ìyókù lè ya lulẹ̀. Fóònù àti tọ́ọ̀ṣì ni mo so mọ́ okùn tí mo sọ̀ kalẹ̀ láti ya fídíò inú rẹ̀.

Òfin ibí ní kí onílẹ̀ bo irú kànga bẹ́ẹ̀ tàbí kí ó dí i. Mi ò ní dí i. Alágbẹ̀dẹ kan ti ń bá mi ṣe ìdérí irin tí a ó ti máa rí omi láti òkè. Jọ̀wọ́, fi fídíò náà han Bàbá, kí wọ́n fi ojú agbẹ́kànga wò ó, kí wọ́n sì sọ ìdí tí òkúta ìsàlẹ̀ fi tóbi tó bẹ́ẹ̀ ju ti òkè lọ.

Èmi ni tìrẹ,
Wálé